Bí Ọmọ Wa Bá Dákẹ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga: Ẹ Jẹ́ Kí A Jókòó Tì Í

  

 Lọ́dọọdún ni a máa ń rí orúkọ àwọn ọmọ wa nínú ìwé yìí: àwọn tí wọ́n ṣe wòlímọ̀, àwọn tí wọ́n gboyè Sánáwì, àwọn tí wọ́n wọ yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì. A máa ń yọ̀, ó sì yẹ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ jáde. Ìyẹn ni orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n lọ, tí wọ́n sì padà wálé láìtó àkókò, tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Nípa ti àwọn wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Bí a bá rí aláìsàn ọpọlọ lójú pópó, àwọn ọmọdé a máa tẹ̀lé e, àwọn àgbà a sì máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá wọ ilé ẹni ni ẹ̀rín ń tán. Ó wọ ilé tiwa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni ó ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ti gbọ́ ohun tí a kọ yìí kí a tó fi ránṣẹ́. Ó ní kí a kọ ọ́, kí a má ṣáà dárúkọ òun.

Ọmọ náà ka kéwú dé Sánáwì. Láti ìgbà tí ó ti wà ní Ìdáádì ni ó ti ń pe ìrun Àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Nígbà tí ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni láti lọ kọ́ èdè Lárúbáwá àti ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Islām, gbogbo ẹbí ni ó dáwó jọ. Ọdún kìíní lọ dáadáa. Ní ọdún kejì, fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní pípa. Bí a bá sì bá a nígbà mìíràn, ohun tí ó máa ń sọ ni pé, "Kò sí nǹkan kan, Bàbá." Ó ní òun kò ní lè wá ṣọdún Iléyá nítorí ìdánwò. A gbà á gbọ́. A tilẹ̀ ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn àbúrò rẹ̀ pé ẹ wo ọmọ tí ó mọ ohun tí ó bá lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn Iléyá, ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà ni ó mú un wálé. Kìrìsìtẹ́nì ni ọmọ náà, owó ọkọ̀ àwọn méjèèjì sì ti àpò rẹ̀ jáde. Ó ní ó ti tó oṣù méjì tí ẹnìkejì òun kò ti dé kíláàsì. Kì í sùn lóru, kì í sì lè dìde lójú mọmọ. Oúnjẹ tí òun bá sè fún un, ibẹ̀ ni yóò wà títí tí yóò fi kan. Èyí tí ó dùn wá jù ni pé ọmọ tí ó ń jí gbogbo àdúgbò fún ìrun kò lè dìde kí ìrun tirẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí a ṣe tí kò dára, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan ni a ń ṣe é.

Èkíní, a bá a wí. A jókòó yí i ká ní pálọ̀, a ní ìwọ tí o ti há Àlùkùránì sórí, kí ni o ń ronú sí? A ní àwọn tí kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san ńkọ́? A ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó dín kù. Ó kàn ń wo ilẹ̀ ni. Àṣé bí a ti ń sọ̀rọ̀, ohun tí òun náà ti ń sọ fún ara rẹ̀ láti oṣù méjì ni a tún ń bá a kà sí etí.

Èkejì, a pa á mọ́. Nígbà tí àwọn ará mọ́ṣáláṣí béèrè rẹ̀, a ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni. Bí àlejò bá dé, a máa ń ní kí ó wọ yàrá. Ìwọ̀sí ni a ń sá fún. A kò fẹ́ kí wọ́n máa ka ẹbí wa mọ́ ìdílé tí àìsàn orí wà, kí ó má baà di ohun tí àwọn àna yóò máa wádìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Ẹ̀kẹta, a gbé e lọ sọ́dọ̀ jálàbí kan. Ọkùnrin náà tẹ yanrìn, ó ní ìyàwó kejì bàbá rẹ̀ ni ó ń bá a jà. Ó gba owó àgbò, ó gba owó aṣọ funfun, ó sì ń fọ hàntú fún un mu. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni a fi ṣe èyí. Ìyàwó tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yìí kan náà ni ó ń pọn omi ìwẹ̀ fún ọmọ náà láràárọ̀. Ó fi omijé kẹ́rù padà sí ilé bàbá rẹ̀. Àìsàn kò lọ, ẹni tí ó ń ṣètọ́jú aláìsàn ni ó lọ.

Ìyá wa àgbà ni ó là wá lójú. Wọn kò lọ sí ilé-ìwé kankan. Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n gbé ẹní wọn lọ sí yàrá ọmọ náà, wọ́n jókòó tì í nínú òkùnkùn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n sì máa sọ ọ́, ìbéèrè kan péré ni: "Ọkọ mi, ṣé ikú ni ó ń wù ọ́?" Ọmọ náà bú sẹ́kún, kò sì dákẹ́ títí tí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun mọ ohun tí ẹ̀sìn sọ nípa ẹni tí ó bá gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun kò fi lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé a ó pe òun ní kèfèrí.

Ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọmọ náà mọ èèwọ̀ ju àwa tí a ń bá a wí lọ. Mímọ̀ èèwọ̀ kò mú ìrora náà kúrò. Ohun tí ó mú kúrò ni ẹnu láti fi sọ ọ́. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, wọ́n sọ fún wa pé àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù láti béèrè irú ìbéèrè tí ìyá àgbà béèrè, wọ́n máa ń rò pé yóò fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn fún ẹni tí ó wà nínú ilé tí ó ń jó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, a mú un lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì kọ ìwé fún wa sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tí ń tọ́jú ọpọlọ. A pe Lèmọ́mù wa, a jẹ́wọ́ pé kì í ṣe ibà. Wọn kò bínú. Wọ́n wọ mọ́tò bá wa lọ. Lójú ọ̀nà, wọ́n rán wa létí ìtàn ará oko tí ó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso nítorí pé ó gbára lé Ọlọ́hun, tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, sì ní kí ó so ó ná kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Lèmọ́mù ní, "Àdúà ni ìgbáralé wa. Ilé ìwòsàn ni okùn ràkúnmí."

Àwọn dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó ti di àìsàn ni. Wọ́n ní ọpọlọ jẹ́ ẹ̀yà ara bí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, ó lè ṣàìsàn, ó sì ṣeé tọ́jú. Wọ́n ní púpọ̀ nínú àwọn àìsàn ọpọlọ máa ń kọ́kọ́ yọjú kí ènìyàn tó pé ọdún 25, ìyẹn ni pé ní ìgbà tí àwọn ọmọ wa ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga gan-an ni. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì ń bá a jókòó sọ̀rọ̀. Wọ́n kìlọ̀ pé oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó rí ìyàtọ̀. Wọ́n ní kí a má ṣe dá a dúró lójijì nítorí pé ara rẹ̀ ti ń yá. Wọ́n ní kí àgbà kan máa tọ́jú oògùn náà sọ́wọ́, kí a kó oògùn apakòkòrò àti ohun tí ó lè ṣeni léṣe kúrò nílé, kí a má sì jẹ́ kí ó dá sùn.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí. Rárá o. Nínú ẹ̀sìn wa, a mọ̀ pé Ànábì Yaaqub banújẹ́ lórí ọmọ rẹ̀ Yusuf títí tí ojú rẹ̀ fi fọ́. Ta ni yóò pe Ànábì Ọlọ́hun ní aláìnígbàgbọ́? A mọ̀ pé Ànábì wa sọ pé a gbé kálàmù kúrò lórí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé títí tí yóò fi pé. Bí Ọlọ́hun bá lè gbé ìṣírò kúrò fún un, kí ni a fi tún ń bá a ṣírò ní pálọ̀?

Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tí ó kú ní ọdún 934, kọ odindi ìwé kan tí apá kan rẹ̀ wà fún ìtọ́jú ara, tí apá kejì sì wà fún ìtọ́jú ọkàn. Ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ pé oríṣi ìbànújẹ́ méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni èyí tí a mọ ìdí rẹ̀, bí ikú èèyàn ẹni tàbí òfò. Èkejì kò ní ìdí tí ènìyàn lè nawọ́ sí, inú ara ni ó ti ń wá, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú ara. Ní ọdún 1284, Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan sí Káírò tí wọ́n ń fi owó wákàfù bójú tó, àyè sì wà níbẹ̀ fún àwọn aláìsàn ọpọlọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbé ọmọ wa lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀nà tí àwọn Mùsùlùmí ti tọ̀ rí ni a ń tọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a lọ jìnnà. Bí a bá dárúkọ Aró ní ilẹ̀ Yorùbá, èébú ni ọ̀pọ̀ fi í ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Aró. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá, ó kéré tán ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa bá a gbé, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Dókítà Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ohun tí ìyá wa àgbà ṣe pẹ̀lú ẹní wọn lóru ọjọ́ náà, òun gan-an ni dókítà yìí sọ di apá kan ìtọ́jú: ìbátan tí ó jókòó tini.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó korò, a kò sì ní fi sí abẹ́ ahọ́n. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé àti àgbà jáde nínú ilé kan ní Rigasa, ní Kàdúná, tí wọ́n ń pè ní ilé-kéwú àti ilé àtúnṣe ìwà. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tún kó ènìyàn tí ó lé ní 200 jáde ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Òbí ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀. Orúkọ ẹ̀sìn wa ni wọ́n fi bo ẹgba àti ẹ̀wọ̀n náà. Bí àwa tí a jẹ́ ilé-kéwú kò bá sọ pé èyí kì í ṣe Islām, ta ni a fẹ́ kí ó bá wa sọ ọ́?

A kò sọ pé kò sí àlùjànnú. Àlùkùránì sọ pé wọ́n wà, a sì gbà. A kò sì sọ pé kí a má ka Àlùkùránì sí aláìsàn létí. Lèmọ́mù wa ń wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè àti Jímọ̀ láti ka á fún ọmọ wa, ọmọ náà sì sọ pé ó ń fi òun lọ́kàn balẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kíkà náà kò béèrè àgbò, kò béèrè ẹgba, kò sì fẹ̀sùn kan ìyàwó ilé. Ẹni tí ó bá ní kí a da oògùn dókítà nù kí àdúà tó lè gbà, kí a sá fún un. Ọlọ́hun tí ó ń gbọ́ àdúà ni ó fún dókítà ní ìmọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi owó nìkan ránṣẹ́ sí ọmọ yín. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ wò láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, kí ẹ sì ní nọ́ńbà rẹ̀. Bí ọmọ tí ó ń sọ̀rọ̀ bá dákẹ́, bí ọmọ onítara bá di ẹni tí kò bìkítà, tí oorun àti oúnjẹ rẹ̀ sì yí padà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ má dúró de èsì ìdánwò. Bí ó bá sọ pé ikú wu òun, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ tún tètè mú ìwé dókítà lọ bá àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó ní ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ kò yá fi lè dá ẹ̀kọ́ dúró fún sáà kan tàbí ọdún kan, kí ó sì padà wá parí rẹ̀. Díẹ̀ ni ó kù kí a pàdánù àyè tiwa nítorí pé ìtìjú kò jẹ́ kí a kọ̀wé. Ní oṣù Ramadan, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ọmọ tí ń lo oògùn tó gba ààwẹ̀. Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ni ó yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá dé ọ̀hún tí ọkàn yín sì wúwo, ẹ sọ fún ẹnìkan. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá bá yín wí, ẹ sọ fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ṣàìsàn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rẹ́ yín ni, ẹ ṣe bí ọmọ Kìrìsìtẹ́nì yẹn ti ṣe. Kò dá a lẹ́jọ́, kò sì sọ ọ́ kiri. Ọkọ̀ ni ó wọ̀, tí ó mú un wá fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa. Bí ọmọ kan bá fọ́ lẹ́sẹ̀, a máa ń gbé ọsàn lọ kí i. Bí ó bá jẹ́ ọkàn ni ó fọ́, a máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wèrè kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Òfin tí orílẹ̀-èdè yìí ń lò tẹ́lẹ̀, tí ó ti wà láti ìgbà ìjọba òyìnbó, wèrè ni ó pe aláìsàn ọpọlọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó rọ́pò rẹ̀. Bí ìwé òfin bá lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹnu wa náà lè fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, oògùn wọ́n. Òtòṣì àti aláìní wà nínú àwọn tí sàká tọ́ sí. À ń rọ ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú sàká àti sàráà fún oògùn àwọn tí kò ní, ní ìkọ̀kọ̀, láìpe orúkọ wọn lórí mínbárì.

Ọmọ wa ti padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó tún ọdún kejì kà. Ó ṣì ń lo oògùn, ó ṣì ń rí dókítà rẹ̀. Ìyàwó bàbá rẹ̀ ti padà sílé, lẹ́yìn tí gbogbo wa lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá wálé fún ìsinmi, àárọ̀ mìíràn wà tí à ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí ìrun Àsùbáà, àárọ̀ mìíràn sì wà tí ẹlòmíràn ni ó ń pè é. Nígbà tí a kò bá gbọ́ ọ, a kì í béèrè ìdí. Ìyá àgbà kàn máa ń gbé tíì lọ fún un ni, wọ́n a sì jókòó tì í.

Kí Ọlọ́hun Ọba Aṣèwòsàn fún gbogbo àwọn ọmọ wa tí ń ṣàìsàn ní àlàáfíà tí kò ní kù síbì kan. Kí ó fún àwa tí à ń tọ́jú wọn ní sùúrù àti ọgbọ́n. Kí ó dárí jì wá lórí ohun tí a ṣe nínú àìmọ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ìtìjú wa pa ọmọ wa. Àmín, yáà Ráábì.